Àkànní Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa ní ilé wa ní Ìsọlọ̀ lọ́dún náà. Ẹ́ńjìnnì típà bàbá mi ni. Yanrìn ni bàbá mi ń fi típà náà kó lọ síbi tí wọ́n ti ń la títì ńlá tó gba Òṣòdì kọjá. Ayé owó epo rọ̀bì ni, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun lórí ẹní. Bó bá ti tẹ ẹ́ńjìnnì náà, gbogbo fèrèsé ilé á máa gbọ̀n, Tíṣà, ará Èkìtì tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, á sì kígbe láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé, "Bàbá Rísì, ṣé ẹ fẹ́ gbé ilé yìí lọ ni?" Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró ìgbálẹ̀, ìró korobá lẹ́nu ẹ̀rọ omi, àti ìró ike tí màmá mi fi ń wọn kẹrosíìnì láti inú dúrọ́ọ̀mù, nítorí kẹrosíìnì ló ń tà níwájú ilé. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ máa wá ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà lọ.

Ìyá tó bí bàbá mi là ń pè ní Ìyá Àgbà. Láti ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ìwó ló ti wá bá wa gbé, nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, bàbá mi sì fẹ́ kí dókítà Èkó bá a wò ó. Ó kó ìlú rẹ̀ dání wá, kò sì gba àṣà Èkó kankan láàyè nínú yàrá rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ lọ kí i lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Yóò sì kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó jẹ́ kí a dìde. Bó bá kàn mí, á ní, "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ ọmọ mi. Ọmọ a gbin ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, kí àlejò lè rí jẹ kó tó béèrè ilé. Ilé wa kò kún rí, ilẹ̀kùn ni kò fẹ̀." Orúnkún mi á ti máa dùn mí lórí sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n orí mi á wú. Mo máa ń lọ sílé ìwé bí ẹni tó ní ilẹ̀ tó ń rìn lé lórí.

Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ nìkan ni kò rí oríkì gbà. Àbúrò bàbá mi ni, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, bíríkìlà, ọkùnrin gíga kan tó máa ń rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí eyín rẹ̀ hàn. Ó ti ń bá wa gbé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà yẹn, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá Àgbà á ní, "Kú àárọ̀ o. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ lónìí." Ó parí. Kò ní í dárúkọ rẹ̀, kò ní í kì í. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ á ṣì wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ènì lọ́wọ́ ọlọ́jà, á wá dìde, á gbọn ṣòkòtò rẹ̀, á gbé páànù àti ṣíbí ìrẹ́lé rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé ó ti ṣẹ Ìyá Àgbà ni. Lójú èmi ọmọdé, ẹni tí wọn kò bá kì ti jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ohun kejì tí kò yé mi ni pé nǹkan kò gún fún Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀. Lọ́dún yẹn, sìmẹ́ńtì wà níbi gbogbo, ilé ń jáde láti inú irà Ọ̀kọ́tà bí olú, bíríkìlà tí kò mọ iṣẹ́ dáadáa pàápàá ń ra rédíò alágbèéká. Ṣùgbọ́n tirẹ̀, bí kọngílá kò bá sá lọ kí ó tó sanwó, ògiri tó mọ dé fèrèsé á wó lulẹ̀ nínú òjò. Bó bá ti sọ irú rẹ̀ nílé, Ìyá Àgbà á fi gèlè bo ojú. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, yóò jókòó lórí ẹní, yóò tẹ́wọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà kan ṣoṣo tí kì í yí padà: "Ọlọ́run, bá mi ṣọ́ Làmídì Àkànní. Níbi tó bá wà, kí ìbọn má rí i. Kí ebi má rí i. Kí ó rántí ọ̀nà ilé." Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ á wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ ọ, á sì ṣe "Àmín."

Mo bi màmá mi léèrè ta ni Àkànní. Ó ní, "Ọmọ wọn tó lọ sójú ogun ni."

"Ogun wo? Ṣebí Tíṣà ní ogun ti parí tipẹ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, gbé àrọ wá kí epo má dà sílẹ̀."

Nílé wa, bí àgbàlagbà bá rán ọ níṣẹ́ láàárín ìbéèrè, o ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún nìyẹn. Mo gbé àrọ wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti fi Bọ̀ọ̀dá Àkànní yìí ṣe ọ̀rẹ́ nínú ọkàn mi. Mo fún un ní ẹṣin. Mo fún un ní ojú bàbá mi àti ilà àbàjà bàbá mi.

Ìgbà tó dé, kò gun ẹṣin. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, ẹ̀wà wà lórí iná, Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ sì ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ọkùnrin kúkúrú kan tó dúdú, tó wọ aṣọ sọ́jà, wọlé pẹ̀lú àpò ìrẹsì léjìká. Ó béèrè bóyá ibí ni ilé onítípà tó jẹ́ ará ìlú wa. Kí màmá mi tó dáhùn, ó ti rí Ìyá Àgbà lórí ẹní, ó sì ju àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti bàtà ńlá rẹ̀. "Ìyá," ó ní, "Àkànní ti dé. Wọ́n gbé wa wá sí bárékè Èkó." Yorùbá rẹ̀ wúwo, bí ẹni tó fi ọkọ́ kọ́ ọ lóko. Ìyá Àgbà na ọwọ́. Ó fi ìka wá orí rẹ̀, ó wá etí, ó wá àpá kékeré kan lágbárí rẹ̀, ó sì figbe ta. "Àkànní! Làmídì Àkànní! Ọmọ a gbin ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà!" Ó kì í, ó kì í, títí ohùn rẹ̀ fi há, omijé sì bọ́ sórí aṣọ sọ́jà náà. Mo wo ẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ti pa ẹ̀rọ omi, ó ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí okùn, ó sì ń jáde lọ. Ọṣẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Inú mi dùn, ọkàn mi sì dàrú. Ẹni tí mò ń dúró dè ti dé, ṣùgbọ́n kò jọ wá. Ojú bàbá mi ní àbàjà, ti Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ náà ní àbàjà, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí ń dán, àfi gbẹ́rẹ́ kéékèèké mélòó kan lẹ́bàá ojú. Mo bi bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bóyá ogun ló pa ilà rẹ̀ rẹ́. Bàbá mi wò mí títí. Ó ní kí n lọ bu omi wá. Mo bu omi títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, n kò sì rí ẹni dáhùn.

Láti ìgbà náà, ó máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà ni mò ń pè é. Á mú mílíìkì inú agolo wá, á tún ilẹ̀kùn tó ti bàjẹ́ ṣe, á jẹun, á sì fọ àwo fúnra rẹ̀, ohun tí n kò rí kí ọkùnrin kankan ṣe rí nílé wa. Iwe adìẹ tó jẹ́ ti bàbá mi, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa fún un. Bàbá mi kò jiyàn. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ní tirẹ̀ kì í sí nílé ní òpin ọ̀sẹ̀ mọ́. Ó ń lọ sí Òkè-Àfà, níbi tí ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Sídí. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí ara wọn bí àwọn tó jọ wọ bàtà ara wọn, tí wọn kò sì mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Lọ́sàn-án kan, mo ń ṣọ́ kẹrosíìnì fún màmá mi, Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà wá jókòó tì mí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Rísì, kí ló kàn lẹ́yìn 'ọmọ a gbin ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà'?"

"Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ibẹ̀ nìkan ni mo mú. Ọjọ́ tí wọ́n kì mí, ọkọ̀ ti ń dúró." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Nínú igbó, láàárọ̀, kò sí ẹni tó máa kí èèyàn. Èmi náà ni mo máa ń kí ara mi. Mo máa ń ní, Àkànní, ọmọ a gbin ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà. Màá tún un sọ. Àwọn yòókù rò pé Kùránì ni."

Mo kọ́ ọ. Kí àlejò lè rí jẹ kó tó béèrè ilé. Ó ń ṣì í, mo ń tún un ṣe, mo sì ń bá a wí bí Tíṣà ṣe ń bá ọmọ ilé ìwé wí. Nígbà tí a dé "ilé wa kò kún rí, ilẹ̀kùn ni kò fẹ̀," ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo rí i pé àgbàlagbà ń sunkún nítorí ohun tí mo fi ń jí lójoojúmọ́, ojú sì tì mí láìmọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ Sídí ló tú àṣírí náà. Inú Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ti dùn fún ìgbà díẹ̀, eyín rẹ̀ pàápàá ti ń hàn. Ṣùgbọ́n bàbá Sídí, ará Ọ̀ṣun, àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, gbọ́ níbì kan pé Jímọ̀ kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó pè é, ó bi í. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ní òótọ́ ni, Èkó ni òun ti mú un. Bàbá Sídí ní, "Ó dáa. Kí ìyá rẹ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ tó sọ ọ́, kí n fi so yìgì. N kò ní í fọmọ fún orúkọ tí kò ní ìyá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ìyá Àgbà kí i, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í kọ. Bọ̀ọ̀dá kò dìde. Ó ní, "Ẹ pè mí, Ìyá."

Ìyá Àgbà fi gèlè bo ojú.

"Ẹ kàn pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi ni? Mi ò ní í dìde lónìí."

Bàbá mi ti wà lórí típà. Ó pa ẹ́ńjìnnì náà, ó sọ̀ kalẹ̀ wá. N kò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nílé wa láàárọ̀. Tíṣà pàápàá yọjú láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ariwo kò sí. Màmá mi gbàgbé láti lé mi. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ọ́ níṣojú gbogbo wa: ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yìí ni Làmídì Àkànní tí Ìyá Àgbà bí. Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà ni Làmídì Àkànní tí ìlú fi ránṣẹ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà nìyí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa fẹsẹ̀ ara wọn lọ. Aṣọ tuntun, bàtà tuntun, owó oṣù, ta ni kò fẹ́? Wọ́n jó jáde nílùú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé dípò àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn wúwo. Àwọn aláṣẹ sì tún ránṣẹ́ pé èèyàn tí ìlú wa mú wá kò tó, kí baálẹ̀ wá ìyókù. Baálẹ̀ pín in bí ẹni pín iṣẹ́ ọ̀nà yíyẹ̀, agbo ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin kan. Ìlú tó kún fún ọmọkùnrin lánàá wá di ìlú arúgbó. Àwọn kan ń gbé lóko bí ọ̀yà. Ilé kan ní àwọn kò bí ọkùnrin rí, bẹ́ẹ̀ ni ṣòkòtò wà lórí okùn aṣọ wọn. Ilé kan mú ẹni tó ní ìpá wá, wọ́n dá a padà, baálẹ̀ tún ń wá èèyàn kiri pẹ̀lú ojú pípọ́n. Àwọn mìíràn fẹ́ fi alágbàṣe oko dí i, wọ́n dá ìyẹn náà padà, nítorí nígbà tí wọ́n bi í ní ilé tó ti wá, kò rí ilé dárúkọ. Baálẹ̀ wá ṣe òfin: ọmọ ilé nìkan. Ilé wa sì ti dárúkọ Làmídì Àkànní fún un.

Ìyá Àgbà kò jiyàn pẹ̀lú baálẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú lọ́rì tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Èkó, láàárín àpò, ó sì padà sílé lọ wá ọmọ mìíràn bí. Alágbàṣe kan wà tó máa ń kọ ebè lóko wọn, ó ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn kò mọ̀ bóyá Àgàtú ni tàbí Ìgbìrà, nítorí pé wọn kò bi í. "Ìwọ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Ìyá Àgbà pe àwọn àgbà ilé, ó pe àlùfáà, ó gbé oyin kalẹ̀, ó gbé iyọ̀ kalẹ̀, ó gbé omi kalẹ̀. Wọ́n jókòó ti ọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Làmídì Àkànní. Wọ́n ní bó bá padà, ilẹ̀ ń bẹ fún un, yàrá ń bẹ fún un, ọmọ ilé ni. Báyìí, kò sí ẹni tó purọ́ fún baálẹ̀. N kò tíì rí ìlú mìíràn tó bẹ̀rù irọ́ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì bẹ̀rù ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n ìsọmọlórúkọ kì í ṣe eré. Ọmọ ìyá méjì kì í jẹ́ orúkọ kan náà lójú ayé. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí Èkó pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orúkọ yẹn pe ọmọ òun mọ́, nítorí bó bá jẹ́ ẹ nílé, ikú tó ń wá èkejì lójú ogun yóò gbọ́, yóò sì mọ ọ̀nà. Bàbá mi sọ èyí, ó wá wolẹ̀. "A rò pé kò ní í padà ni," ó ní. "Kí n má purọ́. A rò pé bí ogun bá parí, orúkọ náà á kàn padà sílé fúnra rẹ̀."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Àgbà sọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn ìkíni nìyẹn. "Ọdún àkọ́kọ́, mò ń gbàdúrà fún un kí n lè sùn. Nígbà tó yá, bí n kò bá gbàdúrà fún un, n kò lè jẹun. Mo ti gbàdúrà fún un títí ó fi di ọmọ mi. Gbogbo àdúrà tí mò ń fi orúkọ yẹn gbà, òun ló ń lọ bá. Ẹ wò ó, kò fara gbọgbẹ́. Ẹ wo èyí tí mo bí, ògiri ń wó lé e lórí." Ó bú sẹ́kún. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ wá dìde nílẹ̀, nítorí pé kò sí ọmọ tó lè dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ máa sunkún.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà jókòó. Bàbá mi ló sọ̀rọ̀, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi típà gba orí afárá onígi. Ó ní ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń bẹ, yàrá rẹ̀ ń bẹ. Orúkọ yẹn nìkan ni kó jọ̀ọ́ kó dá padà fún onílé. Tíṣà, tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí, ní, "Ṣé kò ní í rọrùn kí a kàn lọ sí kóòtù, kí wọ́n fi kún orúkọ ẹnì kan?" Ìyá Àgbà bi í bóyá kóòtù ní oyin. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àní àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn.

Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà kò bínú. Ì bá dára kí ó bínú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò jí i. Ẹ fún mi ni. Orúkọ yìí ni wọ́n ń pè nígbà tí ìbọn ń dún, èmi ni mo ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá gbà á, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, kí lẹ máa wá pè mí? Ṣé 'Ìwọ yẹn' náà ni?"

Mo ń wo Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀, mo ń wo Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ènìyàn burúkú, kí n lè mọ ẹni tí n óò ti lẹ́yìn. Mo ti di arúgbó báyìí, mo ṣì ń wá ènìyàn burúkú náà. Mo máa ń dá ogun lẹ́bi, mo máa ń dá baálẹ̀ lẹ́bi, n óò dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sáàárín àpò èlùbọ́, ẹnu mi á sì wọhò.

Ìyá Àgbà ló fọhùn. "Ohun tí a fi oyin fúnni, a kì í fi omi fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́nu. Làmídì Àkànní, tìrẹ ni." Ó wá kọjú sí ibi tí Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ wà, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. "Ìwọ, èmi ni mo ta orúkọ rẹ kí n lè ra orí rẹ. N kò lè rà á padà. Àmọ́ èmi ni mo bí ọ. N óò tún ọ sọ." Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ mi orí pé rárá, rárá. Ó ṣe díẹ̀, ó sún mọ́ ọn lórí ẹní, ó sì gbé orí sí i lẹ́sẹ̀.

Màmá mi ló wá oyin. Iyọ̀ wà nílé. Wọ́n rán mi lọ bu omi, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún yẹn tí wọ́n rán mi lọ bu omi tí omi ni wọ́n fẹ́. Bàbá Sídí wá láti Òkè-Àfà, ó gbàdúrà, kò sì béèrè púpọ̀. Ó jọ pé bàbá mi ti lọ bá a. Ìyá Àgbà fi oyin kan ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó ní Àtàndá ni òun sọ ọ́. Bàbá mi fún un lórúkọ, màmá mi fún un lórúkọ, bí gbogbo ará ilé ṣe máa ń fún ọmọ tuntun. Ó wá kan Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún ọmọ tuntun náà. Ó gbé ìka bọ oyin.

"Àmẹ́," ó ní. "Orúkọ tí ìyá mi sọ mí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé oko yín, kò sí ẹni tó fi pè mí. Mi ò lè gbé méjì dání. Ó dùn mí kí ó kú. Àbúrò mi, bá mi gbà á."

Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ wo ìka náà, ó pẹ́ kó tó la ẹnu. Ó la ẹnu, ó sì lá oyin náà. Ìyá Àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ tún un pè, òun sì ni orúkọ tí wọ́n fi so yìgì Sídí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní Òkè-Àfà títí di òní, wọ́n ń jẹ́ Àmẹ́, àwọn ènìyàn sì máa ń bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n ti wá. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà kú ní ogbó rẹ̀, inú agbo ilé wa lẹ́yìn Ìwó la sin ín sí. Èmi ni mo kì í. Mo kì í dé ìparí.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ yẹn ni kò kúrò lójú mi. Bọ̀ọ̀dá Sọ́jà ti padà sí bárékè láti ìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀, wọ́n kì mí, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gbọ́ bí wọn yóò ṣe ki Àtàndá. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ìyá Àgbà la ẹnu. Ojú rẹ̀ ló ṣú, etí rẹ̀ kò di. Ó mọ ẹni tó wà níwájú òun. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Àkànní. Àkànní ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ a gbin ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, kí àlejò lè rí jẹ kó tó béèrè ilé." Ó kì í, ó kì í bí ẹni tí ebi ti pa fún ọdún púpọ̀.

Bọ̀ọ̀dá kò gbé orí sókè. Mo rò pé kò gbọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án léjìká. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni wọ́n ń kì."

Ó gbé ojú sókè. Gbogbo ojú rẹ̀ ti tutù fún omijé. "Rísì, èmi kọ́," ó ní. "Àkànní wà ní bárékè."

Ó sì tún gbé àyà lélẹ̀, ó ń dúró de orúkọ tirẹ̀.